Eruku Oníbúlọ́ọ̀kù

Láti ọjọ́ tí mo ti rí iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ni ìyá mi kò ti pè mí lórúkọ mọ́. Ẹnjiníà ló ń pè mí, ì báà jẹ́ abọ́ ni mò ń fọ̀, ì báà jẹ́ ẹkún ni mò ń sun. "Ẹnjiníà, gbé ìgbálẹ̀ wá." "Ẹnjiníà, ṣé o ò tíì jẹun ni?" Òun náà kò sì lórúkọ mìíràn mọ́ láàárín àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣòwò obì gbànja. Ìyá Ẹnjiníà ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, kì í tètè dáhùn, á dákẹ́ kí wọ́n lè tún un pè lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìjọkù ni ilé wa wà, ní Ṣàgámù. Bàbá mi ti kú kí n tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, obì sì ni ìyá mi fi rán mi níwèé. Nígbà tí obì kò tó mọ́, ó ta yẹtí góòlù rẹ̀, ó sì sọ fún mi pé etí ló ń dun òun, òun ò lè fi nǹkan sí i mọ́. Mo gbà á gbọ́ o! Ìgbà tí mo jáde tán ni mo tó mọ òótọ́. Fọ́tò mi kan, tí mo dé ẹ̀límẹ́ẹ̀tì, tí mo wọ bàtà bùùtù, ló gbé kọ́ sí ìsọ̀ rẹ̀ lókè àwọn apẹ̀rẹ̀ obì. Bí oníbàárà bá ń ná ọjà, ìyá mi á ní, "Ẹ wo ọmọ mi lókè yẹn. Obìnrin ni o."

Mo ní láti sọ ti ìrọ̀lẹ́ fún yín, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Ìyá mi kì í jẹ́ kí n gbé eruku sìmẹ́ńtì wọ inú ilé. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ̀yìnkùlé ni mo máa gbà lọ, lẹ́bàá kànga. Àpótí á ti wà níbẹ̀, omi á ti wà nínú báàfù. Ó máa gbọn aṣọ mi, ó máa fọ ọrùn mi, lẹ́yìn náà ni màá gbé orí lé e lẹ́sẹ̀ tí yóò máa fọ irun mi. Mo ti di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, àgbàlagbà tó ń pàṣẹ fún àwọn ọkùnrin níbi iṣẹ́, ìyá mi ń fọ orí fún mi bí ọmọ ọwọ́! Tí ẹnikẹ́ni bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀, màá bá a jà. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń ro gbogbo ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ náà fún un, òun náà á sì ro tirẹ̀ fún mi. Kò sí ohun tí mo fẹ́ràn tó ìrọ̀lẹ́ yẹn láyé.

Iṣẹ́ náà kò burú. Èmi ni mo ṣàdédé mọ̀ pé ibòmíràn ni ọkàn mi wà. Bí ẹ̀rọ kan bá dúró, àwọn ẹgbẹ́ mi á máa wá ohun tó bàjẹ́ nínú rẹ̀. Èmi á ti fa bébà yọ, màá máa ṣírò iye tí à ń pàdánù ní wákàtí kan, àti bóyá ó sàn kí a tún un ṣe tàbí kí a ra òmíràn. Ọ̀gá mi máa ń ní, "Ìwọ yìí, ṣé oníṣirò ni ọ́ ni?" Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 nìyẹn, báńkì ń hù káàkiri. Ọ̀kan ṣí sí Ìkẹnnẹ́, wọ́n sì ń wá ẹni tó mọ ẹ̀rọ, tí yóò máa lọ wo ẹ̀rọ tí àwọn èèyàn fẹ́ yáwó rà, kí ó lè sọ bóyá yóò mówó wọlé. Mo kọ̀wé sí wọn. Wọ́n pè mí. Wọ́n gbà mí.

Inú mi dùn débi pé mo fò sókè lójú títì. Bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀ báyìí, mo rántí Ìyá Ẹnjiníà.

Háà! Orí mi ò! Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún obìnrin tó ta yẹtí etí rẹ̀ pé mi ò ṣe é mọ́? Kí ló fẹ́ fi fọ́tò yẹn ṣe? Kí ni wọ́n á máa pè é ní ìsọ̀? Èmi tí mo máa ń bá awakọ̀ takisí jà títí yóò fi fún mi ní ṣéńjì mi, mi ò lè la ẹnu níwájú ìyá mi. Mo ní kí n kọ́kọ́ fi ara balẹ̀ níbi iṣẹ́ tuntun ná, màá sọ fún un tó bá yá.

Bí mo ṣe di òpùrọ́ nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo wọ aṣọ ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì jáde nílé, mo gbé ẹ̀límẹ́ẹ̀tì há abíyá, síkẹ́ẹ̀tì àti bàtà gíga wà nínú báàgì. Nígbà tí mo dé Ìkẹnnẹ́, mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ báńkì lọ pààrọ̀ aṣọ. Mẹ́gàádì wọn kàn ń wò mí. Kọ́lékọ́lé ló wọlé, màdáàmù ló jáde. Bí a bá ṣíwọ́ nírọ̀lẹ́, màdáàmù á wọlé, kọ́lékọ́lé á jáde.

Eruku ni mo gbàgbé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, mo gbé orí lé ìyá mi lẹ́sẹ̀ lẹ́bàá kànga, ó da omi sí i, omi náà sì mọ́ kedere. Ó ní, "Tòní mà mọ́ o." Mo ní, "Ìpàdé la ṣe lónìí, Màámi. A ò dé ìdí ẹ̀rọ."

Lọ́jọ́ kejì, mo yà lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù lẹ́bàá ọ̀nà kí n tó wọ takisí padà sílé. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó fún mi ní sìmẹ́ńtì ẹ̀kúnwọ́ kan. Ó ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní ihò kan wà lára ògiri wa. Ó gbá èyí tó dà sílẹ̀ jọ fún mi. Mo sá pamọ́ sẹ́yìn búlọ́ọ̀kù, mo fi pa irun, mo fi pa ọrùn, mo lọ sílé. Ojoojúmọ́ ni mo ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ọkùnrin náà ní, "Àǹtí, ihò yín yìí mà tóbi o. Ṣé kì í ṣe pé ilé náà ti wó?" Mo bú u, mo sì gba eruku mi.

Iṣẹ́ báńkì náà dùn mọ́ mi, ẹ̀gàn ni hẹ̀. Wọ́n rán mi lọ sí Òde Rẹ́mọ láti wo ẹ̀rọ kan tí bàbá àgbàlagbà kan fẹ́ rà, èyí tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá. Ẹni tó ń tà á ti kùn ún, ó ń dán yanranyanran. Mo ní kí ó tan án. Mo tẹ́tí sí i díẹ̀, mo sì mọ̀ pé inú rẹ̀ ti jẹ tán. Mo sọ fún bàbá náà kí wọ́n má rà á. Àdúrà tí bàbá yẹn ṣe fún mi, ó gbé mi wọ takisí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, tí mo gbé orí lé ìyá mi lẹ́sẹ̀, mi ò lè ròyìn rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo ń sọ gbogbo nǹkan fún nìyí, irọ́ nìkan ló kù tí mò ń sọ fún un.

Ó di ọ̀sẹ̀ kẹta. Kí ìyá mi tó da omi sí mi lórí ní Ọjọ́bọ̀, ó mú eruku díẹ̀ nínú irun mi, ó ń fi ìka méjì rà á. Bí ó ṣe máa ń yẹ obì wò nìyẹn. Ìyá mi kì í la obì kí ó tó mọ̀ pé kòkòrò ti wọ̀ ọ́, ìka ló fi ń mọ̀ ọ́n.

Ó ní, "Iyanrìn wà nínú eléyìí."

Ó tún rà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ti ilé-iṣẹ́ yín kúná bí àtíkè. Eléyìí ń ṣe ṣákaṣàka lọ́wọ́. Ti oníbúlọ́ọ̀kù nìyí. Ta lò ń tàn, Ẹnjiníà?"

Ẹkún gbọ̀n mí. Orí mi wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀ tí mo fi sọ gbogbo rẹ̀: báńkì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ̀rọ Òde Rẹ́mọ. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Orúkọ yín ni mò ń rò."

Ó bu omi, ó ń fọ orí mi lọ. Ara mi kò gbà á. Mo ní, "Ẹ sọ̀rọ̀ kẹ̀, Màámi!"

"Kí ni kí n sọ? Láti ọjọ́ kejì ni mo ti mọ̀."

Mo dìde jókòó. "Ẹ mọ̀, ẹ wá ń fọ orí mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?"

"Ìwọ lò ń gbé ìdọ̀tí wálé. Ṣé kí n má fọ̀ ọ́ ni?" Ó nu ọwọ́ lára ìró rẹ̀. Ohùn rẹ̀ wá yí padà. "Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń da omi eruku yẹn nù. Èyí tó wà lórí, mò ń fọ̀ ọ́. Èyí tó bá wọ àyà rẹ ńkọ́? Ta ni yóò bá mi fọ ìyẹn? Ojoojúmọ́ ni mo ń rò ó. Ṣùgbọ́n o fẹ́ràn iṣẹ́ náà, mi ò fẹ́ bà á jẹ́ fún ọ."

"Èmi rò pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ràn rẹ̀."

A wo ara wa. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí omi mọ́ yẹn, òun kírun ọpẹ́. Nígbà tí mo tún gbé eruku dé lọ́jọ́ kejì, àyà òun já, àfi ìgbà tí òun fọwọ́ kàn án, tí òun rí i pé ayédèrú ni, ni ọkàn òun tó balẹ̀. Òun ń retí kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ ni, ṣùgbọ́n irun mi ti ń já nítorí sìmẹ́ńtì náà, ni òun ṣe sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Orúkọ yín ńkọ́?"

"Ta ló fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi? Ìwé tí o kà, ṣé báńkì ti pa á rẹ́ ni?"

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, síkẹ́ẹ̀tì ni mo wọ̀ jáde nílé. Ọ̀sán ń lọ nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan lẹ́nu ọ̀nà báńkì.

"Ẹnjiníà ni mo wá rí."

Mẹ́gàádì ní, "Kò sí Ẹnjiníà níbí, Màmá. Báńkì lẹ wà yìí."

"Ó wà. Èmi ni ìyá rẹ̀."

Mo sáré jáde, mo kúnlẹ̀. Níwájú gbogbo oníbàárà, ìyá mi ki ọwọ́ bọ inú irun mi títí dé awọ orí, ó yọ ọ́, ó fi ìka méjì ra ara wọn, ó gbé e síwájú ojú, ó wò ó dáadáa.

Ó ní, "Alihamudulilahi."

Mo ní kí ó wọlé, kí ó jókòó, kí n ra mínírà fún un. Ó ní rárá, obì wà nínú omi nílé, ohun tí òun wá wò, òun ti rí i. Ó sì wọ takisí padà sí Ṣàgámù.