Àmù Etí Ọ̀nà Àtijọ́

Awakọ̀ akẹ́rù ni mí. Láti èbúté Kutọnu ni mo ti ń gbẹ́rù gòkè lọ sí Nìjẹ̀, nígbà mìíràn dé Bùkínà. Iṣẹ́ náà ti wọ̀ mí lára débi pé bí ọ̀nà bá yí padà lábẹ́ táyà, ìdí mi ló kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n. Mo mọ ọ̀nà tí a fi owó ara wa ṣe, mo sì mọ èyí tí àwọn ará òkèèrè wá ṣe fún wa. Tiwọn máa ń tọ́ gbọnrangandan. Kì í yà sọ́tùn-ún nítorí igi, kì í yà sósì nítorí abúlé. Níbi tó bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ri pátákó kan mọ́lẹ̀, wọ́n á ya àsíá méjì sí i, tiwa àti tiwọn, bíi tọkọtaya tó lọ ya fọ́tò. Ẹ má bi mí èwo ni ọkọ.

N kò ní purọ́, mo fẹ́ràn àwọn ọ̀nà náà. Ẹni tí kò bá tíì sùn sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ẹrù ìrẹsì rí ló lè máa bú ọ̀nà tó dán. Aboyún ń tètè dé ilé ìwòsàn, tòmátì kì í jẹrà mọ́ kó tó dé ọjà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá dúró ní ìlú tí n kò ti mọ ẹnì kan, tí mo ń dá jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà mi, mo máa ń wo ohun tó ń kọjá. Òwú, kajú àti ẹ̀wà sóyà ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí òkun. Mótò àlòkù, ìrẹsì àti ike ń gòkè bọ̀. Ó wá dà bíi pé a ti lu ilé wa láti iwájú dé ẹ̀yìn kí àwọn ẹlòmíràn lè rí ibi gbà kọjá. Wọ́n ń kọjá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń yà kí onílé?

Nígbà tí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ dé ilẹ̀ Kétu, inú mi dùn ju ti ẹnikẹ́ni lọ, nítorí tiwa náà ti kàn. Abúlé wa kò jìnnà sí Odomẹta. Ọ̀nà àtijọ́, oníyẹ̀pẹ̀ pupa, máa ń ṣẹ́ kọ́rọ́ níbẹ̀ kó tó kọjá lọ sí Kétu, ní abẹ́ igi ìṣin tó wà ní ìyànà náà ni àmù ìyá mi sì wà. Omi jìn nínú ilẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Omi òjò la máa ń gbè sínú sìtẹ́nì, ihò oní-sìmẹ́ńtì ẹ̀yìn ilé, òun náà la ó sì máa ṣọ́ lò títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi tán. Síbẹ̀, bí ìyá rẹ̀ ti ṣe ṣáájú rẹ̀, ìyá mi kì í jẹ́ kí àmù èrò gbẹ. Láràárọ̀ ni yóò pọn ún kún dé ọrùn, yóò fi ọmọrí dé e, yóò sì dojú ahá bolẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tó ń lọ sóko, Fúlàní tó ń da màlúù, obìnrin tó ru iṣu lọ sọ́jà, kálukú á lóṣòó, á mu, á dé e padà. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ọmọ ta ni.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ awakọ̀, mo bi í pé kí ló dé tó ń yọ ara rẹ̀ lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀.

Ó ní, “Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ọmọ tèmi ń bẹ lójú ọ̀nà ọlọ́nà.”

Àwọn ará òkèèrè tó wá ṣe ọ̀nà tuntun náà mu nínú àmù yìí. Ọ̀gá wọn kan wà, irun rẹ̀ ti funfun, ó ń dá sùn nínú ilé onírin kan lẹ́bàá ibi iṣẹ́. Ìyá mi ní òun nìkan ló máa ń lóṣòó mu omi bí ọmọ ilé, tí á sì tẹrí ba kó tó dìde. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn. Ó ní ojú rẹ̀ jọ ojú ẹni tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Mo mọ irú ojú yẹn, inú díńgí ọkọ̀ mi ni mo ti máa ń rí i. Ọkùnrin yìí kan náà ló wọn ilẹ̀ tó fi gé ìyànà wa dànù. Ọ̀nà tuntun gba ẹ̀yìn oko lọ tààrà, ó parí, òun náà sì palẹ̀ mọ́, ó lọ sílé rẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ará abúlé kó lọ sí etí gúdúrọ̀, bí a ṣe ń pe ọ̀nà ọlọ́dà níbí, kí wọ́n lè máa ta iṣu àti bẹntiróòlù inú ìgò. Àbúrò mi obìnrin náà kọ́ yàrá méjì síbẹ̀. Ìyá mi kọ̀, ó ku òun àti ewúrẹ́. Èmi náà, bí mo bá ń gba ibẹ̀ kọjá, mo máa ń fun fèrè gbọọrọ kí wọ́n lè mọ̀ pé èmi ni. Olówó ẹrù kì í fẹ́ gbọ́ pé mo yà lọ kí ìyá mi.

Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, ìyá mi ṣubú lẹ́nu sìtẹ́nì. Ibẹ̀ ló wà títí ọ̀sán, kí àbúrò mi tó gbé oúnjẹ dé. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ, àbúrò mi pè mí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá kó ìyá yín o. Wọ́n ti gbà láti wá sọ́dọ̀ mi. Ẹ tètè dé kí wọ́n tó yí ohùn padà.”

Mo gbé ọkọ̀ sí Kétu, mo gun zẹ́mí, ọ̀kadà akérò wa. Ní ibi tí ọ̀nà àtijọ́ ti yà kúrò lára gúdúrọ̀, mo ní kó sọ̀ mí kalẹ̀, mo fẹ́ fẹsẹ̀ rìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i kí a tó kó ìyá kúrò. Ọ̀nà tí a ti ń ti ara wa lọ́jọ́ ọjà ti di pápá. N kò pàdé èèyàn, n kò gbọ́ ohùn èèyàn.  Oòrùn sì mú débi pé nígbà tí mo dé abẹ́ igi ìṣin, tí mo bá àmù náà tó kún dé ọrùn, n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo mu, mo tún bù, mo bọ́jú, mo dé e padà. Nígbà tí mo délé, ìyá mi gbé omi àlejò fún mi. Mo mu ìyẹn náà, ikùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti ìyànà dé pẹ̀lú korobá òfìfo, ojú rẹ̀ ń dán.

“Èèyàn kọjá! Mo mọ ìwọ̀n tí àmù máa ń fà. Èyí kì í ṣe ti àmù. Èèyàn ló mu ún, òǹgbẹ sì gbẹ ẹ́ gan-an!” Ó gbé korobá sílẹ̀. “Mo ti sọ fún àbúrò rẹ pé bí ẹ̀ẹ̀rùn yìí bá tán láìsí ẹni tó mu ún, n ó kó. Òjò ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Wàyí o, ẹnì kan ti mu ún. N ò lọ síbì kan mọ́.”

 Àbúrò mi kò sọ ti àdéhùn yìí fún mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ìyá mi, n kò sì fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò pa á. Àmọ́ mo wo ẹnu sìtẹ́nì, mo ronú bó ṣe wà nílẹ̀ títí ọ̀sán láìsí ẹni tó gbọ́ igbe rẹ̀.

“Ìyá, ẹ má bínú. Èmi ni mo mu ún.”

Ó dojú korobá dé, ó jókòó lé e. 

“Ọ̀nà àtijọ́ lo gbà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

“O yà, o lóṣòó, o mu?”

“Mo mu.”

“Ó dáa náà. Ìwọ kì í ṣe èrò ni?”

Mo rẹ́rìn-ín, òun kò rẹ́rìn-ín.

“Mo máa ń gbọ́ fèrè rẹ,” ló wí. “Bó bá ti dún lọ́hùn-ún, mo máa ń dìde, n ó wá ìborùn mi. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, o ti lọ. Ẹ ní kí n wá máa gbé etí gúdúrọ̀. Kí n wá máa fojú ara mi wò ọ́ bí o ti ń sáré kọjá? Níbí, o gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ rìn kí o tó dé ọ̀dọ̀ mi.”

 Gbogbo ẹjọ́ àwọn tó ń gba ilé wa kọjá láìkí onílé, tí mo ti ń rò lẹ́bàá táyà mi láti ọjọ́ yìí wá, orí mi ló já lé. Nígbà tó dìde, mo gbé korobá, mo pọn omi, mo gbé e lọ sí ìyànà, mo sì dà á lé èyí tó ti dà sínú àmù, títí ó fi kún dé ọrùn.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ máa lọ, mo bẹ àbúrò mi pé kó fi ìyá wa sílẹ̀ níbẹ̀, kó máa yà wò ó láràárọ̀, kó tó pàtẹ ọjà. Ọ̀nà àtijọ́ ni mo gbà padà. Òǹgbẹ kò gbẹ mí rárá, àmọ́ nígbà tí mo dé abẹ́ igi ìṣin, mo lóṣòó, mo sì mu ahá méjì gbáko, kí ìyá mi lè rí i láàárọ̀ ọ̀la pé ẹnì kan kọjá.