Ọjọ́ Tí Mo Dógò Ti Báńkì

Òjò àkọ́rọ̀ ló rọ̀ mọ́jú ọjọ́ náà. Ó dá kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣùgbọ́n ìkùukùu ṣì bo ojú ọ̀run, òórùn ilẹ̀ pupa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi sì gba gbogbo Kétu kan. Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà mọ òórùn yẹn, kì í jẹ́ kí àgbẹ̀ jókòó. Gbogbo ẹni tó ń kọjá lójúde mi ló gbé ọkọ́ àti igbá irúgbìn. Èmi nìkan ni mi ò ní nǹkan tí mo lè gbìn, nítorí a ti se irúgbìn àgbàdo wa jẹ nígbà àìsàn tó mú bàbá àwọn ọmọ mi lọ. Owó tí màá fi ra òmíràn ń bẹ ní báńkì. Èmi ni mo rò bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo débẹ̀, ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, ó tún un tẹ̀, ó ní, "Màmá, kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́." Ó ní oṣooṣù ni báńkì ń yọ owó iṣẹ́ tiwọn, pé oṣù tí mi ò bá sì fi owó kún un, wọ́n tún ń yọ òmíràn lé e.

"Ta ló yọ ọ́?"

"Ẹ̀rọ ni, Màmá. Ẹ̀rọ ló ń yọ ọ́ fúnra rẹ̀."

"Ṣé ẹ̀rọ náà ń jẹ àgbàdo ni?"

Àwọn tó wà lẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo gba ilé lọ.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rí bí ìyá bàbá mi ṣe dógò ti ọkùnrin kan tó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Kò bú u, kò nà án. Ó tẹ́ ẹní sí ẹnu ọ̀nà ọkùnrin náà, ó jókòó, ó ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bíi pé ilé ara rẹ̀ ló wà, títí ojú fi ti onígbèsè, tó sì sanwó. Òun ni mo rántí. Mo ká ẹní mi, mo gbé ẹ̀gúsí tí mo ń bá ẹlòmíràn bó gba owó, mo padà lọ tẹ́ ẹní síwájú ilẹ̀kùn ọ̀gá wọn.

Ìwọ ò ṣáà mọ bí fáànù wọn ṣe lágbára tó. Èèpo ẹ̀gúsí ń fò káàkiri, ó ń bà lé tábìlì, ó ń bà lé àwọn akọ̀wé lórí. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wá bá mi. "Ìyá àgbà, ẹ dákun, ẹ dìde."

Mo ní, "Ọmọ mi, gbé mi bí o bá lè gbé mi."

Ó wo irun funfun orí mi, ó padà sídìí ilẹ̀kùn rẹ̀.

Nígbà tó yá, ọ̀gá jáde, èèpo kan lẹ̀ mọ́ ọn léjìká. "Màmá, ibí kì í ṣe ọjà o."

"Mo mọ̀. Lọ́jà, a máa ń ná nǹkan ká tó sanwó."

Mo sọ fún un pé mi ò wá tọrọ. Ọkọ mi wà lórí ẹní àìsàn nígbà tí wọ́n ń yọ owó náà, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi, lọ́jọ́ tí mo kó o wá, pé wọn yóò máa jẹ ẹ́. Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ó pe ẹnìkan lórí fóònù, ó ń sọ Faransé wúyẹ́wúyẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n dá gbogbo ohun tí wọ́n yọ láti ìgbà àìsàn náà padà fún mi. Ó ní ti èyí tí wọ́n yọ ṣáájú àìsàn náà, ó di ìgbà tí òun bá béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá òun ní Kútọnu.

"Béèrè dáadáa," mo ní. "Ẹní mi ò tíì gbó."

Àwọn kan ń sọ títí dòní pé ojú kò tì mí. Ó dára. Ẹni tó jẹ owó olówó ni kí ojú tì, kì í ṣe ẹni tó lọ gba tirẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo ti wà lóko kí ìrì tó gbẹ, mò ń fi ẹsẹ̀ wọ́ erùpẹ̀ bo irúgbìn. Nígbà tí mo délé lọ́sàn-án, obìnrin tó ń ta gaàrì ládùúgbò wa ti dúró dè mí. Báńkì kan náà lòun náà ń fi owó sí. Mi ò bi í ní nǹkan kan. Mo gbọn èèpo ẹ̀gúsí tó kù lára ẹní náà, mo ká a, mo gbé e lé e lọ́wọ́.