Ṣẹ́ẹ̀tì Náílọ́ọ̀nù Tí Mo Wọ̀ Lọ sí Iléṣà

Òórùn káńfọ̀ àti ti aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọ̀ rí ló kọ́kọ́ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà ilé náà ní Iléṣà. Òṣómàáló ni bàbá tó ni ilé, ọ̀kan nínú àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé aṣọ kiri títí dé ìlú tí wọn kò ti gbọ́ èdè wọn, ìgàn aṣọ sì kún ara ògiri pálọ̀ rẹ̀ débi pé afẹ́fẹ́ ò rí ibi gbà wọlé. Ọmọbìnrin rẹ̀ ni mo fẹ́ fẹ́. Èmi àti àbúrò bàbá mi la jọ wọ lọ́rì láti Òṣogbo lọ fi ojú hàn wọ́n, ní àkókò ooru tó máa ń ṣíwájú òjò, nígbà tí ojú ọ̀run bá ṣú tí òjò kò sì ní rọ̀, tí ara èèyàn á máa lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi oyin pa.

Ìwọ náà á rántí àwọn ọdún yẹn. Ṣẹ́ẹ̀tì náílọ́ọ̀nù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kò sì sí ọ̀dọ́ tó kàwé tí kò fẹ́ wọ̀ ọ́. Ní sọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá téṣàn rélùwéè ní Òṣogbo, ọ̀gbẹ́ni tó ń tà á ri ọ̀kan bọ omi lójú wa, ó gbọ̀n ọ́n, ó fi kọ́, a ò tíì sọ̀rọ̀ tán tó fi gbẹ, láìsí pé ẹnikẹ́ni fi áyọ́ọ̀nù kàn án. Ṣẹ́ẹ̀tì òwú funfun kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbòòrò, ó sì rọ̀. Mo tì í sẹ́yìn bí aṣọ àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wọ náílọ́ọ̀nù náà lọ síbi iṣẹ́ olùkọ́ tí mo ń ṣe, ooru sọ ẹ̀yìn mi di kókó kéékèèké, ó sì ń yún mi bí ẹni pé wọ́n da wèrèpè sí i.

O mọ ohun tí àwọn òbí máa ń wádìí nígbà náà kí wọ́n tó fa ọmọ kalẹ̀: ṣé kò sí wèrè nínú ẹbí wọn, ṣé kò sí wárápá, ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀. Tí wọ́n bá rí ohun tí kò yé wọn lára ọkùnrin, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, wọn kò sì ní sọ ìdí. Nítorí náà ni mo ṣe de bọ́tìnnì ọwọ́ àti ti ọrùn pinpin, tí mo tún so táì lé e.

Kò pẹ́ tí a jókòó tí òógùn fi bò mí. Ẹ̀wù náà kò fà á mu. Ṣe ló ń ṣàn lọ sí ìdí mi. Àbúrò bàbá mi, tí kì í lè ṣe kí ó má ṣẹ̀fẹ̀, tẹ̀ sí mi létí: "Tíṣà, ṣé inú odò Ọ̀ṣun lo gbà wá ni?" N kò lè rẹ́rìn-ín. Mo ń fi ẹ̀yìn ra ara àga díẹ̀díẹ̀, bí màlúù tó ń fara ha igi, mo sì rí i pé bàbá náà rí mi.

"Ṣé ara rẹ yá?" ó bi mí.

"Ó yá, sà."

Ó na ọwọ́, ó mú etí ọwọ́ ẹ̀wù mi, ó gbé e sí ẹnu, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí òdìkejì, ó sì fẹ́ èémí sí i. Bí àwọn òṣómàáló ṣe máa ń dán aṣọ wò kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ alágbàtà nìyẹn.

"Èémí mi ò kọjá," ó wí. "Kí ni èèyàn ń fi irú èyí bò nínú ooru báyìí?"

Òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wá fi èdè Ìjẹ̀ṣà sọ̀rọ̀, ó yá, ó sì rẹlẹ̀, débi pé àwa ará Òṣogbo kò gbọ́ ọ délẹ̀. Ọmọbìnrin náà lọ sí ìdí ẹrù aṣọ, ó mú ṣẹ́ẹ̀tì òwú funfun kan, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà, òun náà fẹ́ èémí sí i. Ó wá bá mi.

"Ẹ bọ́ tọrùn yín, kí ẹ wọ èyí. Á tutù lára yín."

Àbúrò bàbá mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. "Pàkúté rèé o. Wọ́n fẹ́ wo ara ẹ ni." Èmi náà ti mọ̀ kí ó tó sọ ọ́. Tí mo bá kọ̀, mo ti jẹ́wọ́. Tí mo bá bọ́ ọ, wọ́n á rí ẹ̀yìn mi. Mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú táì.

Bàbá náà kọjú sí ògiri. Mo rò pé ọgbọ́n ni. Ẹni tó bá ń ṣọ́ni kì í jẹ́ kí a mọ̀. Ọmọbìnrin náà ló dúró lẹ́yìn mi, tó gba ẹ̀wù tútù náà, tó sì di ti òwú mú kí n lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó pẹ́ lójú mi kí ó tó sún un mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́ lọ́nà tí gbogbo wa fi gbọ́: "Bàbá, ooru lásán ni." Bàbá ní kí wọ́n bu omi wá fún àlejò. Ẹ̀wù òwú náà fẹ̀ lábíyá, kò lẹ̀ mọ́ mi níbì kankan, afẹ́fẹ́ kékeré tó wà ní pálọ̀ náà sì rí ọ̀nà dé ara mi. Síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀.

Wọ́n fún mi ní ìyàwó. Ṣùgbọ́n títí bàbá náà fi kú, n kò jókòó tì í rí kí n má rò pé ojú rẹ̀ ń wá nǹkan lára mi. Tó bá béèrè iṣẹ́ mi, mo máa ń rò pé ìbéèrè mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyàwó mi ló ń yan ẹ̀wù fún mi láti ìgbà náà: kí ó jẹ́ òwú tí èémí ń gbà kọjá, kí ó tóbi ju ara lọ díẹ̀, kí alágbàfọ̀ má fi sítáàsì sí i nígbà ooru. Mo ń wọ̀ ọ́, ó ń tù mí lára, mo sì ń bá bàbá rẹ̀ bínú lọ́kàn.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ìyàwó mi fi mí sílẹ̀ lọ sọ́run, mo ń bá a pààrọ̀ búláòsì lórí ibùsùn, nítorí àìsàn ti gba agbára ọwọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín wẹ́rẹ́.

"Ẹ̀rù bà yín lọ́jọ́ yẹn ní Iléṣà."

"Bàbá rẹ ló fẹ́ wo ara mi."

"Bàbá kọ́. Bàbá ní kò sóhun tó ṣe yín ju pé ẹ ò mọ ẹ̀wù rà lọ. Èmi ni mo ní mo fẹ́ wo ohun tí mo fẹ́ bá lọ sílé."

"Tó bá jẹ́ ẹ̀tẹ̀ ńkọ́?"

"Ǹ bá gba ẹ̀wù Bàbá mi padà."

Ọkùnrin tí mo fura sí ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọjú sí ògiri kí ojú má baà tì mí ni. Àwọn tó wá kí mi kú ará fẹ́ra kù máa ń sọ pé onígbọràn ni ìyàwó mi, pé ó tẹ̀lé mi láìbéèrè ọ̀rọ̀ kankan. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó wò mí tán kí ó tó tẹ̀lé mi. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó wò mí tó bẹ́ẹ̀, tí kò sì gbójú kúrò.