Àwọn Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Kì í Pè

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni mí. Ìkéré ni wọ́n ti bí mi, ọmọ kejì fún àgbẹ̀ kòkó kan tí ó tún jẹ́ bàbá ìjọ. Ilé ọkọ ni ó gbé mi dé Èmùré. N kò ní kọ orúkọ mi síhìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ orúkọ gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Kò pẹ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ni wọ́n fi mí ṣe olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀ wa. Wọ́n fún mi ní ọ̀dọ́mọbìnrin kan láti máa bá mi ṣiṣẹ́, ọmọ Haúsá, tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe olùkọ́ ní Ìkéré. Gẹ̀ẹ́sì ni àwa méjèèjì fi ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ já fáfá, ìwé kíkọ rẹ̀ sì gún régé. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń rú mi lójú: n kò gbọ́ kí ó pe àkọ́bí rẹ̀ lórúkọ rí. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́rin ni. Bí ó bá fẹ́ pè é, yóò kàn pàtẹ́wọ́ sí i. Mo rò ó sínú pé bóyá kò fẹ́ràn ọmọ náà.

Ní ọdún náà, oògùn inárun, àrùn tí ń fọ́ni lójú, dé fún gbogbo ìlú. A ní láti kọ orúkọ ará ilé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí a tó pín in. Mo rán ọmọbìnrin náà sí agboolé ọkọ mi. Àwọn ọkùnrin ti lọ sóko. Àwọn ìyàwó ni ó bá nílé, àwọn ni wọ́n sì dá a lóhùn. Nígbà tí ó gbé ìwé náà dé, mo fọwọ́ sí i láìkà á, nítorí bí ó ti mọ́ tónítóní.

Ní ọjọ́ ìpín, alábòójútó wa láti Adó bá wa lọ. Ó dúró láàárín agboolé, ó sì ń ka ìwé náà sókè.

“Eyínfúnjowó.”

Ẹnikẹ́ni kò dáhùn.

“Akọ̀wé. Adúmáadán. Gbajúmọ̀.”

Àwọn ọkùnrin fajú ro. Àwọn ìyàwó fi ìborùn bo ẹnu.

Ó yíjú sí ọmọ Haúsá náà. “Ọmọ ilé mẹ́tàlá ni o kọ, kò sí ẹyọ kan níhìn-ín. Ta ni o fẹ́ ta oògùn wọn fún? Lọ́la ni n ó kọ ìwé ìdádúró rẹ.”

“Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni mo kọ, sà.” Ó gbé ọ̀pá tí a fi ń wọn gíga ènìyàn kalẹ̀.

“Màmá, ẹ̀yin ni aya ilé yìí, ẹ̀yin ni ẹ sì fọwọ́ sí i. Ta ni Eyínfúnjowó?”

Àbúrò ọkọ mi ni, ó jókòó níwájú mi. Èmi ni mo fún un ní orúkọ náà ní ọdún tí mo wọ ilé, kí ọ̀kadà tó gba eyín iwájú méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tọ́ka sí i.

“Orúkọ rẹ̀ gan-an ńkọ́?”

Ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí mo ti wà nílé náà, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kò tíì ti ẹnu mi jáde. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ọmọbìnrin yẹn ń bọ́ lọ, síbẹ̀ ahọ́n mi kọ̀.

Ọmọbìnrin náà wò mí títí. “Màmá, ṣé bí èmi àti àkọ́bí mi ni? Ìtìjú ni lọ́dọ̀ wa, kí ìyá pe àkọ́bí rẹ̀ lórúkọ.”

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó súnmọ́ àbúrò ọkọ mi, ó kúnlẹ̀, ó fi Yorùbá rẹ̀ bíńtín wí pé, “Bàbá, ìyàwó ń pè yín Eyínfúnjowó. Bàbá yín, kí ni wọ́n ń pè yín?”

“Háà, mo ṣe bí ẹ̀gàn ni,” ni ó wí. “Àjèjì ọkùnrin wọ ulé mi, ó ń fi orúkọ àwọn ìyàwó pè mí, èmi tí n kò léyín mọ́.”

Gbogbo agboolé rẹ́rìn-ín. Ó sọ orúkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi kan ẹnì kẹtàlá. Alábòójútó ki bírò rẹ̀ bọ àpò, ó ní kí a máa pín oògùn.

Bí a ti ń padà, ọmọbìnrin náà kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sí etí ìwé, ó ya á, ó sì fi lé mi lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ lọ sí ibòmíràn, mo lọ sìn wọ́n. Ọkọ̀ ti ń dúró, ọmọ náà sì ti sá lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Ìyá rẹ̀ pàtẹ́wọ́ títí, kò gbọ́.

“Màmá, ẹ bá mi pè é.”

Mo pè é ní orúkọ rẹ̀, ó sì sáré wá. Ọjọ́ Ẹtì tí ó ṣáájú Ọjọ́ Àjíǹde ni, ní ọdún kejì ìpínlẹ̀ wa. N kò rí wọn mọ́ láti ọjọ́ náà.