Ta Ni Kò Sí Níbí? Ìdágbére fún Màmá Tísà

Yéè, Màmá Tísà! Ẹ̀yin tí gbogbo kíláàsì ń torí ojú yín dákẹ́, ẹ̀yin náà lẹ wá dákẹ́ yìí? Ó dìgbà kan ná o, ìyá mi. Abiyamọ tòótọ́, ọlọ́mọ yọyọ tí kì í ṣe gbogbo wọn lẹ bí. Ọmọ apẹja Ẹ̀pẹ́ tó di ìyàwó Ìkòròdú, tó fi ṣọ́ọ̀kì funfun tọ́ àwọn tó ti di ìyá àti bàbá lónìí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí ẹ gbó, kí ẹ tọ́, kí ẹ tó lọ.

Gbogbo ẹni tó jókòó ní kíláàsì yín rí ló mọ̀ pé ẹ kì í pe orúkọ láàárọ̀ bíi ti àwọn tísà yòókù. Ẹ ó dúró níwájú, ẹ ó wo ìjókòó dé ìjókòó, ẹ ó wá bèèrè pé, "Ta ni kò sí níbí?" Ẹ máa ń sọ pé ẹni tó wà níbí kò tíì sọnù, ẹni tí kò sí ni ká wá lọ. Bí wọ́n bá ti lu agogo ìparí, ẹ ti kọrí sílé ọmọ náà nìyẹn. Ìyá kan ní Lásúnwọ̀n ṣì ń ròyìn ọjọ́ tí ẹ bá ọmọbìnrin rẹ̀ nídìí igbá ọjà, tí ẹ jókòó tì í, tí ẹ bá a tajà títí gbogbo rẹ̀ fi tán, tí ẹ wá dìde pé, "Ó di ọ̀la ní kíláàsì o." Ọmọ náà ti di nọ́ọ̀sì báyìí, ó sì wà lára àwọn tó tọ́jú yín.

Ẹ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kò fẹ̀yìn tì lẹ́nu ìbéèrè. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí a tó ka oore-ọ̀fẹ́ tán, ẹ ti mọ ìjókòó tó ṣófo. Bàbá wa, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, parọ́ àìsàn lọ́jọ́ Ìsinmi kan nítorí bọ́ọ̀lù. Ẹ kó ìdajì ẹgbẹ́ akọrin wálé láti wá gbàdúrà fún wọn. Bàbá dùbúlẹ̀ sábẹ́ aṣọ títí wọ́n fi kọrin tán, bọ́ọ̀lù sì ti parí. Láti ọjọ́ náà, ara wọn kì í ṣe òjòjò mọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí àdúgbò bá ń kó gọ́tà: ẹni tí kò bá jáde yóò rí yín lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ṣọ́bìrì méjì lọ́wọ́ yín.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí ìbéèrè yín kò rí mú. Nígbà tí ẹ ṣe ìrìbọmi, inú ilé yín ní Ẹ̀pẹ́, ilé Mùsùlùmí láti ìran dé ìran, kò dùn. Àwọn ẹbí yòókù gbà nígbà tó yá. Àlàájì nìkan, àbúrò yín kan ṣoṣo tí ẹ pọ̀n dàgbà, ni kò gbà. Àlàájì kò fi ẹsẹ̀ kan ilé wa rí. Lọ́dọọdún lẹ máa ń kó wa lọ sí Ẹ̀pẹ́ fún Iléyá, lọ́dọọdún náà ni Àlàájì máa ń wa ọkọ̀ lọ sójú ọ̀sà kí a tó dé, àfi bí ẹni pé ẹja kì í sinmi lọ́jọ́ ọdún. Ẹ ó bá ìyàwó wọn gé ẹran, ẹ ó jẹun, ẹ ó kí gbogbo ilé, a ó sì padà. Tó bá wá di Kérésìmesì, ẹ ó bu oúnjẹ sáwo kan, ẹ ó gbé e síwájú àga tó ṣófo, ẹ ó sì bèèrè ìbéèrè yín. Ó dùn yín, Màmá. Nígbà tí àìsàn yìí dé, ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé ẹ ó lọ láìrí àbúrò yín lórí àga yẹn.

Iléyá tó kọjá, ẹsẹ̀ yín kò gbé yín dé Ẹ̀pẹ́ mọ́. Ẹ ní ká má sọ fún wọn, ká má ba ọdún jẹ́. Ìyàwó Àlàájì ló ròyìn ìyókù fún wa. Àlàájì ti ojú ọ̀sà dé nírọ̀lẹ́, wọ́n wo yàrá, wọ́n wo àgbàlá, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi dà? Wọn ò wá ni?" Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, wọ́n gbé itan àgbò àti ẹja yíyan sínú ọkọ̀, wọ́n gba orí omi wá sí èbúté Ìpakodò ní Ìkòròdú níbí, nítorí apẹja kì í fọkàn tán títì.

Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn. Àlàájì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú yín. "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò rí yín ni mo ṣe wá." Ẹ wò wọ́n látòkè délẹ̀, bí ọmọ tó pẹ́ dé ilé-ìwé. "Ìwọ lo pẹ́ jù. Dìde jàre, oúnjẹ ẹ ti tutù." Lẹ bá jọ ń sunkún, lẹ tún jọ ń rẹ́rìn-ín. Ní Kérésìmesì tó tẹ̀ lé e, Àlàájì jókòó sórí àga wọn. Ẹ wo tábìlì yíká, ẹ kò sì bèèrè nǹkan kan.

Àlàájì wà láàárín wa lónìí, wọ́n sì ti sọ pé koríko kò ní hù lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ sí Ìkòròdú. A ti gbọ́. Ẹni tí a kò bá rí nínú wa, a ó wá a dé ilé rẹ̀, bí ẹ ṣe kọ́ wa.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, Màmá, torí mo mọ̀ yín. Bí ẹ bá ti jókòó lọ́dọ̀ Olúwa, ẹ ó wo ìjókòó dé ìjókòó, ẹ ó sì rí i pé àwa ọmọ yín kò sí níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dìde. Ẹ má wá wa wá. À ń bọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kan yìí, ẹ jẹ́ ká pẹ́. Ẹ ṣáà bá wa dé oúnjẹ wa sílẹ̀.

Ẹ sùn re o, Màmá Tísà.