Ọdún Tí Tíṣà Ṣubú ní Felele

Mo rántí ìgbà tí eegun itan Tíṣà ṣẹ́ nílé wa ní Felele, ní Lọ́kọ́ja. Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí, sìmẹ́ńtì ẹ̀yìnkùlé sì ń yọ̀ bí ilá. Ó fẹ́ lọ ká aṣọ tó sá sórí okùn, aṣọ tó ti rin gbingbin tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ òjò mọ́. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò kì í gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ akọ̀wé ìjọba bíi tèmi. Mo kàn gbọ́ gbì ni. Nígbà tí mo máa fi débẹ̀, ó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ẹ̀wù kan mú gírígírí, ó ní, "Má sáré, ìwọ náà á ṣubú."

Ó yẹ kí n sọ bí a ṣe jẹ́ sí ara wa. Obìnrin ni àwa méjèèjì; ọmọ Yàgbà ni mí, ọmọ Ìjùmú ni òun. Lọ́kọ́ja la ti pàdé, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ tí gbogbo àwa tí a ní ìwé ẹ̀rí díẹ̀ lọ́wọ́ ń ya wọ ìlú náà láti wá iṣẹ́ ìjọba. Yàrá ṣọ̀wọ́n nígbà náà, a sì jọ háyà ẹyọ kan lẹ́yìn gbàgede Paparanda. A rò pé fún oṣù mẹ́ta ni. Kí oṣù mẹ́ta náà tó pé, mo ti mọ̀ pé mi ò ní fẹ́ ọkọ, òun náà sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ ló so wá pọ̀, irú èyí tó máa ń wà láàárín ọkọ àti ìyàwó. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́. Ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ, nítorí náà níta, "ẹ" ni mo máa ń fi bá a sọ̀rọ̀. Bí a bá ti ti ilẹ̀kùn, ó di "o".

Òfin ilẹ̀ wa kò fẹ́ irú wa, ìjọ kò fẹ́, ilé tí wọ́n bí wa sí náà kò ní fẹ́ bí wọ́n bá gbọ́. A wá kọ́ irọ́ bí ẹni kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. A ní ìbátan ni wá. Èmi sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé àwọn ìyá wa ló bára tan. Òun ti sọ fún àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé àwọn baba wa ni. Ọdún mẹ́rin kọjá kí a tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wa kò dọ́gba. Nígbà tí a kọ́lé sí Felele, a ṣe yàrá méjì, a ra bẹ́ẹ̀dì méjì àti fóòmù méjì. Bí àlejò bá ń bọ̀, èmi ni mo máa ń lọ tẹ́ aṣọ sórí bẹ́ẹ̀dì yàrá kejì, màá fọwọ́ rún un díẹ̀ kó lè dà bíi pé ènìyàn sùn síbẹ̀. Mo gbà pé kò sẹ́ni tó gbọ́n tó mi ní gbogbo Lọ́kọ́ja. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mo mọ òwe náà dáadáa, mo kàn rò pé àwọn tí kò mọ irọ́ pa ni wọ́n ń fi í bá wí.

Ohun tí a kò kọ́ ni bí a ó ṣe darúgbó. Bí mo ṣe fẹ̀yìn tì, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ń lọ gbé ọmọ-ọmọ jó ní Àbújá àti Ìlọrin, wọ́n á pè mí lórí fóònù kí n lè gbọ́ igbe ọmọ. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Mo máa ń jókòó síwájú ilé, màá máa rò ó pé ọmú ta ni àwa méjèèjì yóò mu. Tíṣà kì í fẹ́ gbọ́. Á ní ìṣòro tí kò tíì dé, a kì í ṣe ìṣirò rẹ̀. Òjò ọjọ́ yẹn ló bá wa ṣe é.

Aládùúgbò wa, opó Ígálà kan tó ń ta epo pupa, ló wá ọkọ̀ tó gbé wa dé ilé ìwòsàn. Wọ́n gbé Tíṣà wọlé, nọ́ọ̀sì kan sì kọjú sí mi pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

"Mà, kí lẹ jẹ́ sí wọn?"

Ẹnu mi tó ti ń parọ́ láti ìgbà pípẹ́ kọ̀ jálẹ̀. Ìdáhùn tí mo ti ń sọ láti ọjọ́ yìí wá pòórá. Mi ò rántí bóyá àwọn ìyá wa ni tàbí àwọn baba wa. Ibi tí mo ti ń kálòlò ni aládùúgbò wa ti fèsì lẹ́yìn mi pé, "Na her person be dat. Write am." Ìyẹn ni pé ẹni Tíṣà ni mí, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà wò ó, ó wò mí, ó sì kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu débi pé mo gbàgbé láti bẹ̀rù.

Ṣùgbọ́n dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa ṣe, ó sì fẹ́ kí ẹni tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ Tíṣà gan-an fọwọ́ sí ìwé. Mo pe àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní Ìjùmú, àgbẹ̀ ni, ó sì tún jẹ́ alàgbà nínú ìjọ. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì ó ti dé, ó kí mi ní "Òkun", bí àwa ará Yàgbà àti Ìjùmú ṣe ń kí ara wa, pẹ̀lú ìtẹríba, ó fọwọ́ sí ìwé, iṣẹ́ abẹ náà sì yọrí sí rere. Ènìyàn dáadáa ni, ìyẹn ló mú kí ọ̀rọ̀ náà le. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn burúkú ni, ǹ bá bá a jà. Ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì níta, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àǹtí, ẹ ti gbìyànjú púpọ̀. Bí wọ́n bá ti dá wa sílẹ̀, màá gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ sílé. Ilé làbọ̀ sinmi oko. Ẹ̀yin náà ti ń dàgbà, kò yẹ kí ẹ máa ru ẹrù tí kì í ṣe tiyín."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ọ̀rẹ́ tó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbélé ni mí. Mo rìn jáde nílé ìwòsàn bí ẹni tí wọ́n gba bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mo sì wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Old Market, sọ́dọ̀ bàbá télọ̀.

Bàbá télọ̀ yìí àti àwọn tó ń kóra jọ sọ́dọ̀ rẹ̀ nìkan la kì í parọ́ fún. Ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin ni, òun àti awakọ̀ ìjọba kan ló sì jọ gbé pọ̀ fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí awakọ̀ náà kú, àwọn ẹbí rẹ̀ dé, wọ́n kó gbogbo ohun tó wà nílé, títí kan ẹ̀rọ ìránṣọ tí bàbá fúnra rẹ̀ rà. Níbi ìsìnkú, ẹ̀yìn pátápátá ló jókòó sí, bí ẹni tó kàn ń kọjá lọ. Láti ìgbà náà ló ti ń kó irú wa tó ń dàgbà jọ. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, a ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, àwa márùn-ún tàbí mẹ́fà, Tápà, Ìgbìrà àti àwa ọmọ Òkun, a ó jẹun, a ó bèèrè oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́ ara wa. Àwọn ará àdúgbò rò pé ẹgbẹ́ àdúrà ni wá. Kí n sọ òótọ́, oúnjẹ nìkan ni mo ń bá lọ síbẹ̀ nígbà yẹn. Mo rò pé àwọn yòókù ló nílò ìrànlọ́wọ́.

Ó gbọ́ ẹjọ́ mi tán láìdá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ rẹ̀.

"Àbúrò mi, má bá ọkùnrin yẹn jà," ó ní. "Pè é wá sílé yín. Jẹ́ kó gbé ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀, kó fojú ara rẹ̀ rí ohun tó fẹ́ hú kúrò."

Àbúrò Tíṣà gbà, nítorí dókítà ti ní ọ̀nà Ìjùmú kò dáa fún eegun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tò. A gbé Tíṣà délé. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ará ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ọ̀kan nínú wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì kó tó fẹ̀yìn tì kọ́ mi bí mo ṣe máa yí aláìsàn láìfa itan rẹ̀. Bàbá télọ̀ rán ẹ̀wù mẹ́ta tó ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí Tíṣà má baà máa gbé ẹsẹ̀ kó tó wọṣọ. Aládùúgbò wa ń gbé ọbẹ̀ wá. Olúkúlùkù ní ọjọ́ tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó yẹ̀. Àbúrò Tíṣà jókòó sórí àga, ó ń wò, ó ń kí wọn bí wọ́n ti ń wọlé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, à ń mu ẹ̀kọ nínú yàrá tí Tíṣà dùbúlẹ̀ sí.

"Àǹtí," àbúrò Tíṣà ní, "fóòmù yàrá yín tí ẹ ní kí n máa lò, ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára rẹ̀. Bí mo bá ti yíra padà, á máa dún bí ẹni ń jẹ gúgúrú."

Láti ọjọ́ tí a ti rà á, mi ò ronú kan ọ̀rá yẹn rí. Mo ní, "Ẹ̀yìn ló máa ń dùn mí. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo máa ń sùn."

"Sinmi irọ́," Tíṣà sọ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ó kọjú sí àbúrò rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó ń sùn síbẹ̀. Yàrá yìí ni àwa méjèèjì ń sùn, láti ọjọ́ tí a ti wọlé yìí; kí a tó wọ̀ ọ́ pàápàá, ibùsùn kan náà ni. Òun ni mo yàn. Bí o bá gbé mi lọ sílé, wàá gbé mi dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní lè bá yín gbé ibẹ̀."

Àbúrò rẹ̀ gbé ife rẹ̀ sílẹ̀, ó jáde. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé bó ṣe dúró lábẹ́ igi gúrọ́fà, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Ẹ̀kọ mi di, mi ò lè mu ún. Tíṣà mu tirẹ̀ tán, ó sì ní kí n fún òun ní tèmi.

Nígbà tó padà wọlé, èmi ló kọjú sí.

"Ṣé bó ṣe máa ń pàṣẹ fún wa nílé náà ló ṣe ń pàṣẹ fún yín níbí?"

"Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ," mo ní.

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì hàn pé kò fẹ́ rín in. Ó wá jókòó. "Mi ò ní purọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ yìí kò yé mi, ọkàn mi kò sì tíì gbà á. Ṣùgbọ́n mo ti rí bí ẹ ṣe ń yí i. Ìyàwó mi kò lè ṣe é bẹ́ẹ̀, èmi náà kò lè ṣe é. Ẹ jẹ́ kó wà níbi tó wà."

Kó tó lọ, ó tẹ̀ lé mi padà sí ilé ìwòsàn, ó ní kí wọ́n kọ orúkọ mi sí ibi tí wọ́n ń kọ ti ẹbí sí. Ó ní, "Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, àwọn ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Lẹ́yìn náà kí ẹ pè mí." Ó bọ́ sọ́kọ̀ Kàbà, ọ̀nà Ìjùmú, mo sì sunkún níwájú gbogbo èrò gáréèjì láìtijú.

Mo lọ bá aládùúgbò wa pé kí n jẹ́wọ́ fún un. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ dé ìdajì kó tó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé mo rò pé òun kò lójú ni, ṣebí fèrèsé yàrá kejì wa kọjú sí ti òun, ọ̀sán gangan ni mo sì máa ń dúró ti bẹ́ẹ̀dì náà tí màá máa fọwọ́ rún aṣọ. Ó ní ọdún àkọ́kọ́ ni òun ti mọ̀, kò kàn sí èyí tó kan òun níbẹ̀. Báyìí ni ọgbọ́n tó ga jù ní Lọ́kọ́ja ṣe parí.

Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá. Tíṣà ń fi ọ̀pá rìn, ó ń yára jù mí lọ, ó sì ń fi ọ̀pá náà tọ́ka sí ibi tí mi ò gbá dáadáa. Àbúrò rẹ̀ máa ń fi iṣu ránṣẹ́ sí wa, bó bá sì pè, á ní, "Ẹ̀yin méjèèjì ńkọ́?" Kò tíì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ rí, a kò sì bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé orí ló ṣe wá lóore. Ọ̀kan nínú àwọn ará ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé e lọ sílé, wọ́n gba fóònù rẹ̀, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. A ṣì ń dárúkọ rẹ̀ kí a tó jẹun. Láti ìgbà náà ni bàbá télọ̀ ti ní kí olúkúlùkù wa kọ ọ́ sílẹ̀, kí ara tó dẹ, ẹni tí wọ́n máa pè, ibi tí a fẹ́ gbé, àti ẹni tó máa jókòó níwájú lọ́jọ́ ìsìnkú wa.

Láìpẹ́ yìí, obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá sáàárín wa, tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún, bi mí bóyá ẹ̀rù ọjọ́ ogbó bà mí rí. Mo sọ fún un pé ó bà mí gan-an. Ogún ọdún ni mo fi bẹ̀rù rẹ̀, mo sì rò pé bó bá dé, yóò bá mi lémi nìkan nínú ilé títì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogbó dé, ilé kún, ọbẹ̀ wà lórí iná, kò sì rí ibi jókòó sí.