Bí Mo Ṣe Pààrọ̀ Ọkàn Kọ̀ǹpútà Iléèwé Wa

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jókòó kí n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi l'Ábẹ́òkúta ní ìparí àwọn ọdún 1980. Mo fẹ́ yangàn díẹ̀ lónìí o, ẹ fara dà á fún mi.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí nígbà náà, ní iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo la ní. Ìyá Sèlíátù, taipíìsì wa, ló ń lò ó. Ọmọ oníṣòwò ní Ṣàpọ́n ni màmá yìí, ó dàgbà tó ìyá mi. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ prógíráámù tó fi ń tẹ̀wé tán, ta ló tún lè bá a dù ú?

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan, kọ̀ǹpútà kọ̀ kò dáhùn. Òjò ti jò sára dísíìkì ètò tó ń darí rẹ̀. Nǹkan kan kò ṣe dísíìkì prógíráámù ìtẹ̀wé, ṣùgbọ́n láìsí ètò tó ń darí, òkú irin ni kọ̀ǹpútà.

Mínísírì ètò ẹ̀kọ́ sì ń retí orúkọ àwọn tó ń gboyè jáde ní Fúráìdè. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá dé, kò ní ríṣẹ́ lọ́dún yẹn. Ọ̀gá àgbà iléèwé wa ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà padà sí Èkó níbi tí wọ́n ti rà á, ká máa lo tàípù wa àtijọ́.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró ná. Fọlákẹ́, ọ̀rẹ́ mi kan ní yunifásítì n'Ìbàdàn, ti sọ fún mi nípa ètò mìíràn tó ní kẹ́nẹ̀ẹ̀lì tirẹ̀. Ọkàn ètò ni kẹ́nẹ̀ẹ̀lì, òun ló ń bá irin inú ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Gbogbo bí wọ́n ṣe kọ èyí ló wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á, tàbí tó bá fẹ́ tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni prógíráámù Ìyá Sèlíátù, nítorí náà mo lè tún un ṣe kó lè ṣiṣẹ́ lórí kẹ́nẹ̀ẹ̀lì tuntun yìí.

Mo wọkọ̀ lọ s'Íbàdàn, mo gba dísíìkì rẹ̀ lọ́wọ́ Fọlákẹ́, mo sì padà dé ní Wẹ́sídeè. Ọ̀gá àgbà bi mí bóyá kì í ṣe olè nìyẹn. Mo fi ìwé tó bá a wá hàn án: ẹni tó bá gbà á lè fún ẹlòmíì. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní tó bá kùnà, èmi ni n ó lọ ṣàlàyé ní mínísírì.

Ìyá Sèlíátù ní tirẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́: “Ọmọ mi, ohun tí ọwọ́ mi ti mọ̀, má pa á dà o.”

Mo fi dísíìkì tuntun náà sí i, kọ̀ǹpútà dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń tẹ jágbajàgba! Ní Tọ́sìdeè, mo jókòó ti kẹ́nẹ̀ẹ̀lì náà, mo ń kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ní ìrọ̀lẹ́ ni mo tó rí i: kò dúró de ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa tó ń falẹ̀. Mo kọ ìlà mẹ́ta sí i pé kó máa dúró. Ọ̀rọ̀ jáde geere.

Ní àárọ̀ Fúráìdè, Ìyá Sèlíátù tẹ gbogbo orúkọ tán. Ó wá bi mí ìgbà tí mo fẹ́ fi nǹkan tuntun náà sí i.

Mo ní, “Òun lẹ ti ń lò látàárọ̀, Mà.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ ló gbé orúkọ náà lọ sí mínísírì.

Nígbà tó yá, iléèwé kan l'Ówódé gbọ́, mo sì fún wọn ní ẹ̀dà kan. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, tíṣà kan níbẹ̀ kọ̀wé sí mi. Ó ní bí bébà bá tán, ìlà mẹ́ta mi yóò máa dúró títí ayé ni. Ó ti tún un ṣe, ó fi dísíìkì ránṣẹ́.

Ṣé ojú tì mí? Rárá o. Èmi ọmọ Ẹ̀gbá kọ nǹkan sínú ọkàn kọ̀ǹpútà, ọmọ Ẹ̀gbá mìíràn kà á, ó rí àṣìṣe mi, ó tún un ṣe! Mo kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ tèmi, mo fi ránṣẹ́ sí Fọlákẹ́ fún ẹni tó bá tún fẹ́. Ìyẹn ni mo fi ń yangàn jù.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ìmọ̀ tí a bá ṣí sílẹ̀ ni ẹlòmíì lè bá wa tún ṣe. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti tún iṣẹ́ yín ṣe rí, tí inú yín sì dùn sí i? Ẹ sọ ọ́ fún wa.